Bí Páìpù Bíréèkì Bá Bẹ́ Lórí Eré: Ohun Tí Ẹsẹ̀ Yín Máa Ṣe, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ẹ wà lórí eré, ẹ tẹ bíréèkì, pẹ́dà sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ibi tó ti máa ń le lẹ́sẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni pé wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á pariwo pé bíréèkì ti já. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ pé, bí páìpù kan bá bẹ́, ìdajì bíréèkì ló bá a lọ. Ìdajì kejì ṣì wà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí ẹsẹ̀ yín kì í dé lójoojúmọ́. Ẹ ní láti tẹ pẹ́dà dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ tó ń fi ọ́ìlì ṣe bíréèkì là ń sọ níbí: Corolla, Camry, Sienna, HiAce, danfo. Tírélà àti táńkà ńlá ń lo afẹ́fẹ́, tiwọn yàtọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú wọn, sípíríǹgì ló máa di táyà ẹ̀yìn mú fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú másítà

Ọ́ìlì inú páìpù kò ṣeé fún pọ̀. Bí ẹ bá tì í níbì kan, ipá kan náà ló máa dé gbogbo ibi tí ọ́ìlì wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ẹsẹ̀ yín fi 300 N tẹ pẹ́dà, ìyẹn bí ìwúwo 30 kg. Pẹ́dà fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, hydrovac, ìyẹn agolo ńlá tó ń fi ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì kún agbára ẹsẹ̀, á tún sọ ìyẹn di ìlọ́po mẹ́ta. Ó di 3,600 N lórí písítìn tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 22 mm lọ, ọ́ìlì inú páìpù sì ń gbé nǹkan bíi bar 95. Afẹ́fẹ́ inú táyà yín kò ju bar 2.2 lọ. Ìdí nìyẹn tí páìpù tí ìpẹtà ti jẹ kì í fi í bẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí ẹ ti ń rọra tẹ bíréèkì. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá sáré gba iwájú yín kọjá, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ pátápátá, ọjọ́ náà ló máa bẹ́.

Másítà ni ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì láti fi ipá ti ọ́ìlì lọ sínú páìpù. Nínú rẹ̀, písítìn méjì ló tò tẹ̀ léra nínú ihò kan ṣoṣo. Pẹ́dà ló ń ti èyí tó wà lẹ́yìn. Ọ́ìlì àti sípíríǹgì tó wà láàárín wọn ló ń ti èyí tó wà níwájú. Písítìn kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ àti táyà méjì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá ti písítìn ẹ̀yìn ló jò, kò ní sí ọ́ìlì tó máa gbé ipá dé iwájú, písítìn ẹ̀yìn á kàn máa lọ títí orí rẹ̀ á fi gbá ìdí ti iwájú. Irin á máa ti irin, bíréèkì apá kejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bó bá jẹ́ apá ti písítìn iwájú ló jò, òun ló máa sáré lọ gbá òpin ihò, ibẹ̀ ló máa dúró sí, písítìn ẹ̀yìn á wá rí ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Nínú méjèèjì, ìrìn òfìfo yẹn ni ẹsẹ̀ yín ń rí tó ń jẹ́ pé pẹ́dà rì.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí bíréèkì ọkọ̀ kékeré pín sí méjì báyìí. Àwọn ìjàpá (Volkswagen Beetle) àtijọ́ ní ẹyọ kan péré. Ibikíbi tó bá ti jò nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

Ike ọ́ìlì tó wà lórí másítà náà ní ògiri láàárín. Ògiri ọ̀hún kò ga dé òkè, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bu ọ́ìlì sí ojú kan tó ń kún méjèèjì. Bí apá kan bá jò gbẹ, ti apá kejì á kù sẹ́yìn ògiri. Ọmọ léfòó tó wà nínú ike ló ń tan iná pupa bíréèkì sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn kan náà ló ń tàn fún háńbíréèkì, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa wò ó bí ohun tí kò ní láárí, tí àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ní kí rẹ̀wáyà yọ gílóòbù rẹ̀.

Ìdajì wo ló kù?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín in. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú rẹ̀, bíi Corolla àti Camry, sábà máa ń pín in ní àgbélébùú: iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún. Èyíkéyìí tó bá lọ, táyà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan á kù. Ọkọ̀ á fẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ táyà iwájú tó ṣì ń mú, nítorí náà ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí sítíárìn. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń pín in sí iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá lọ nínú irú èyí, ẹ ṣì ní èyí tó pọ̀ jù, torí iwájú ni ìwúwo ọkọ̀ ń wọ́ lọ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá lọ, ẹ̀yìn nìkan ló kù, ẹ̀yìn yìí fúyẹ́, ó sì tètè máa ń fà lórí ọ̀dà kí ìdí ọkọ̀ tó fì. Irú rẹ̀ kọ́ ni ẹ máa tẹ̀ bí ẹni ń gún iyán.

Àyè tó máa gbà ńkọ́? Òfin R13-H ti UNECE, àjọ kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń yẹ ọkọ̀ tuntun wò, ní kí ọkọ̀ tó ń sá 100 km/h lè dúró láàárín mítà 70 bí bíréèkì rẹ̀ bá pé. Bí apá kan bá bàjẹ́, ó gbà á láyè dé mítà 168. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọkọ̀ tó yẹ kó ti dúró ṣì ní mítà 98 tó máa rìn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ tuntun tí gbogbo nǹkan rẹ̀ pé ni wọ́n fi wọn èyí o. Kì í ṣe danfo tó kó èrò 14.

Nǹkan méjì ló máa ń jí ìdajì tó kù yìí gbé lọ́wọ́ awakọ̀ láìmọ̀. Àkọ́kọ́ ni láínìn ẹ̀yìn, ìyẹn ohun tó ń fẹ̀ kan inú dírọ́ọ̀mù láti mú táyà dúró, tí wọn kò ṣe àtúntò rẹ̀. Bí láínìn bá jìnnà sí dírọ́ọ̀mù, ìrìn pẹ́dà púpọ̀ ló máa gbà kó tó kàn án. Lójoojúmọ́ ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́, ìrìn òfìfo inú másítà àti ìrìn òfìfo inú dírọ́ọ̀mù á pa pọ̀, pẹ́dà á gbá ilẹ̀ ọkọ̀ kí ipá tó dé. Èkejì ni rọ́gì. Àwọn kan a tẹ́ rọ́gì rọ́bà lé ti kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e nítorí ẹrẹ̀. Rọ́gì mẹ́ta lè jẹ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta nínú ìrìn pẹ́dà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yẹn gan-an sì ni ibi tí bíréèkì yín kù sí.

Lórí eré: ohun tí ẹ máa ṣe, ní títẹ̀léra

1. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ tẹ bíréèkì lọ ságbára, lẹ́ẹ̀kan, kọjá ibi tó rọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó le nísàlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ṣe lẹ ń da ọ́ìlì sójú títì.

2. Bí kò bá sí ohun tó le rárá títí dé ilẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi pọ́ńpù fa omi: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, kíákíá, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Bí láínìn tó jìnnà tàbí ọ́ìlì tó hó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló fà á, pẹ́dà lè gòkè padà. Bí ó bá gòkè, ẹ dì í mú síbẹ̀.

3. Jíà. Ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ máa sọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: márùn-ún sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́ta, kí ẹ máa rọra tú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ti orí eré já a sí kìíní. Táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lè há, ọkọ̀ á fì. Ọkọ̀ aládàáṣe, ẹ fa jíà láti D wá sí 3, sí 2, sí L, tàbí sí ibi àmì ìyọkúrò (−) bó bá ní i. Ẹ má fi sí N o, torí ẹ́ńjìnnì tó ń bá yín fà á sẹ́yìn lẹ ń tú sílẹ̀ yẹn. Ẹ má sì fi sí P: irin kékeré tó ń di ọkọ̀ mú nínú P kò lè wọlé lórí eré, á kàn máa pariwo kàn-kàn-kàn ni.

4. Háńbíréèkì. Wáyà irin ló ń fà á, kò ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú ọ́ìlì, nítorí náà ó ṣì wà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ má sì tú u, kí ẹ wá máa fa ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí táyà ẹ̀yìn ń ké, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún fà á. Ẹ má fà á nínú kọ́nà. Sienna àti ọ̀pọ̀ Camry, ẹlẹ́sẹ̀ ni tiwọn, ó sì máa ń há síbi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba-ìwọ̀nba. Èyí tó jẹ́ bọ́tìnnì oníná, ẹ fà á kí ẹ sì di í mú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà á máa dín eré kù fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá dì í mú.

5. Fèrè, iná tráfíkétọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì máa wo ibi tí àyè wà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀bá ọ̀nà tó ní yanrìn, koríko gíga, ọ̀nà tó ń gòkè: gbogbo wọn ń dín eré kù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ra ògiri kọnkéré àárín márosẹ̀ tàbí kọnkéré etí ọ̀nà, ní fífẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì ló máa bàjẹ́.

Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì títí ọkọ̀ á fi dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, sítíárìn á wúwo, hydrovac náà á sì pàdánù ìfàmọ́ra tó ń ràn yín lọ́wọ́; ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ kò ju títẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá tún fa kọ́kọ́rọ́ yọ lè ti sítíárìn pa mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ fi òkúta há táyà, kí ẹ gbé C-caution sẹ́yìn, bí ìṣísẹ̀ 50 ó kéré tán. Ibẹ̀ ni ìrìn yẹn parí sí. Ìdajì bíréèkì kò wà fún kí ẹ rọra wa ọkọ̀ délé. Ó wà fún kí ẹ lè dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ sẹ́yìn ló dáa jù. Okùn kò dáa, torí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì lẹ fẹ́ so mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ní bíréèkì. Bí ó bá di dandan kí wọ́n wọ́ ọ, ọ̀pá irin ni kí wọ́n fi wọ́ ọ.

Wíwá ibi tó ti jò

Ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ike. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ gan-an ní apá kan, ó jò síta. Bí ike bá kún síbẹ̀ tí pẹ́dà ṣì ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá dì í mú, kì í ṣe páìpù. Rọ́bà inú másítà ló ti jẹ, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ẹ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rinrin tó ń dán níbẹ̀ lè jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì, ó lè jẹ́ gíríìsì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀: ẹ fi ìka mú díẹ̀, kí ẹ kán an sínú ife omi. Ọ́ìlì bíréèkì á yòrò mọ́ omi bí ọṣẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á léfòó, á máa dán ní àwọ̀ òṣùmàrè. Kí ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ọ̀dà ọkọ̀, á bó o láàárín wákàtí díẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ ní kí ẹnì kan rọra tẹ pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì ní pípa, kí ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò. Kí ó rọra o. Ọ́ìlì tó bá fi ipá tú jáde lè fọ́ ojú. Àwọn ibi tí ẹ máa wò nìyí:

– Họ́ọ̀sì rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká a díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá là bí ẹsẹ̀ tó sán, ó ti tó yọ. Ibi tó bá ti ń ra táyà ní í máa ń tinrín jù, pàápàá nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé táyà tó fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ sí.
– Abẹ́ rọ́bà eruku ti sìlíńdà ẹ̀yìn nínú dírọ́ọ̀mù. Ẹ fi sikurudíráfà kékeré ṣí etí rẹ̀. Bí omi bá kán jáde, rọ́bà inú rẹ̀ ti lọ.
– Ibi tí páìpù irin bá gba inú kílíìpù kọjá, òkè ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, àti ẹ̀gbẹ́ táńkì epo. Ẹrẹ̀ máa ń gbé níbẹ̀.
– Ibi tí másítà bá hydrovac pàdé. Èyí burú torí inú hydrovac ló ń dà sí. Ẹ ò ní rí ẹ̀kán kankan nílẹ̀, ẹ óò kàn máa bu ọ́ìlì lójoojúmọ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà wá yẹ fún àyẹ̀wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ páìpù abẹ́ ọkọ̀. Òkè ọkọ̀ lè máa dán bíi dígí kí páìpù abẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ibi tó wú: bí ìpẹtà bá bọ́ ní ìpele-ìpele tí ojú irin sì jinlẹ̀ ní kòtò-kòtò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kó tó jò.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n di táyà kan pa

Ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà nìyí: mẹkáníìkì á gé páìpù tó jò, á ká ẹnu rẹ̀, á fi hámà lù ú pẹ̀tẹ́. Tàbí kó ju bọ́ọ̀lù irin kékeré inú bíárìn sẹ́nu nọ́ọ̀tì kó sì dè é. Pẹ́dà á le, awakọ̀ á san owó, wọ́n á túká. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe é kò mọṣẹ́. Alẹ́ ti lẹ́, páàtì kò sí nítòsí, èrò ń kígbe. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Irin tí a ká tí a lù ti sán níbi tí a ti ká a, bar 95 ló sì ń retí. Táyà mẹ́ta ló kù tó ń mú; bó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n dí, ọkọ̀ á yà bàràkà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, lójú òjò ó lè yí po. Pẹ́dà tó le yìí náà ló máa mú kí ẹ gbàgbé, tí oṣù mẹ́fà á fi kọjá. Ọjọ́ tí apá kejì bá wá jò, apá tí ẹ máa sá lọ bá ni èyí tí wọ́n ti dí ìdajì rẹ̀.

Ẹ tún yẹra fún họ́ọ̀sì epo tí wọ́n fi kílíìpù dè láàárín páìpù méjì. Bar mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún.

Páìpù tuntun

Páìpù tó nípọn 4.75 mm ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń lò. Ní ọjà, 3/16 ni wọ́n ń pè é. Irin tí wọ́n fi ohun tí kì í pẹtà bò ni kí ẹ rà, tàbí bàbà tí wọ́n lú mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, èyí tó rọrùn láti ká. Ẹ má lo bàbà tí àwọn tó ń ṣe fíríìjì àti AC ń lò. Ó rọ̀, ó sì wọlé dáadáa lójú, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń sọ ọ́ di líle, á wá sán lẹ́bàá nọ́ọ̀tì.

Ẹ fi okùn tọ ipa páìpù àtijọ́ kí ẹ tó yọ ọ́ jùnù, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún gígùn rẹ̀. Ẹ fi ohun ìgépáìpù gé e. Ayùn irin máa ń da èérún sínú, èérún yẹn á sì lọ gún rọ́bà. Ẹ ha ẹnu rẹ̀ mọ́ nínú àti níta. Kí ẹ tó ṣe fléà, ìyẹn fífẹ ẹnu páìpù kó lè dí ọ́ìlì mọ́ ibi tí a dè é sí, ẹ fi nọ́ọ̀tì wọ páìpù. Ẹni tó bá gbàgbé á ṣe fléà tó dára, á sì tún gé e dànù.

Fléà ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Toyota, Honda àti àwọn ọkọ̀ Japan yòókù ń lo fléà onílọ̀ọ́po méjì, tí ẹnu rẹ̀ dà bí fọ́nẹ́ẹ̀lì tí a ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú. Volkswagen àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù ń lo èyí tó rí roboto bí orí olú. Nọ́ọ̀tì méjèèjì lè jẹ́ M10×1.0, wọ́n á wọra, wọ́n á sì dè pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ní bára dọ́gba, á máa jò. Ẹ wo ẹnu páìpù àtijọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fléà onílọ̀ọ́po kan kò tó fún bíréèkì, á là.

Ẹ ká páìpù mọ́ ohun roboto, kí ó má bà a pẹlẹbẹ. Ẹ fi ọwọ́ lásán wọ nọ́ọ̀tì ní yíyí mẹ́ta sí mẹ́rin kí sípánà tó dé ibẹ̀. Bí kò bá fẹ́ wọ, ó ti ṣe wíwọ́, ẹ tú u. Sípánà 10 tó ní ẹnu tí ó yí nọ́ọ̀tì ká ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ya ẹnu, tó máa ń jẹ igun nọ́ọ̀tì. Nǹkan bíi 15 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì) ti tó. Ẹ má wé tépù funfun àwọn pọ́ńbà mọ́ ọn: ẹnu fléà ló ń dí ọ́ìlì, kì í ṣe ìlà nọ́ọ̀tì. Gbogbo kílíìpù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, torí páìpù tó ń jó lábẹ́ ọkọ̀ kò ní pẹ́.

Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ni, ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, pẹ̀lú wáṣà bàbà tuntun méjì fún bóòtì kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó wà lára họ́ọ̀sì wà fún kí ẹ lè rí i bó bá lọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é, ẹ yí sítíárìn dé òpin ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ wò ó bóyá ó ń kan táyà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ dísìkì, rọ̀ sórí họ́ọ̀sì nígbà iṣẹ́. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Họ́ọ̀sì tí wọ́n bá fà báyìí lè ya nínú láì hàn níta, bíréèkì á mú, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́.

Ọ́ìlì, àti bí ẹ ṣe máa blíìdì

Orúkọ "ọ́ìlì bíréèkì" ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ, torí kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà tàbí ti sítíárìn máa ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú bí ẹ̀kọ tutù. Bí wọ́n bá ti ṣèèṣì dà á sí i, másítà, họ́ọ̀sì àti gbogbo rọ́bà ló ní láti lọ. Omi àti omi ọṣẹ a máa hó ní 100°C, wọ́n sì ń mú irin pẹtà. DOT ni wọ́n fi ń to ọ́ìlì bíréèkì sí ìpele, ẹ máa rí i lára ìgò. DOT 3 gbọ́dọ̀ lè gba 205°C kó tó hó nígbà tó bá jẹ́ tuntun, DOT 4 sì ń gba 230°C. Méjèèjì lè pò mọ́ra. DOT 5 onísílíkónì kò gbọ́dọ̀ bá wọn pò. Ọ́ìlì yìí máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, DOT 3 tó ti mu omi lè sọ̀ kalẹ̀ dé 140°C, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ ra èyí tí wọn kò tíì ṣí. Lítà kan tó.

Bíblíìdì ni yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Ẹni méjì ló ń ṣe é, kí ohùn wọn sì ṣe ọ̀kan. Awakọ̀ Nàìjíríà ń jókòó sósì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni másítà wà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní ètò mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara wọ nípù, ìyẹn bóòtì kékeré oníhò tó wà níbi bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ kejì rì sínú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní "Tẹ̀ ẹ́!" Ti orí ìjókòó á rọra tẹ̀ ẹ́, á ní "Mo ti dì í mú." Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nípù bí ìdá mẹ́rin yíyí kan; ọ́ìlì àti èéhó afẹ́fẹ́ á jáde, pẹ́dà á rì. Á dè é padà kó tó wá ní "Fi sílẹ̀." Bí ẹsẹ̀ bá kúrò kí nípù tó dè, afẹ́fẹ́ lẹ tún fà wọlé yẹn. Ẹ máa ṣe é títí tí èéhó kò fi ní jáde mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún táyà kan. Lẹ́yìn títẹ̀ márùn-ún, ẹ wo ike. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ihò ló wà nínú nípù, ó tètè ń ṣẹ́: 8 sí 10 N·m ló ń fẹ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò: bí másítà bá ti pẹ́, ẹ fi pákó kékeré há abẹ́ pẹ́dà kó má bà a dé ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń blíìdì. Òpin ihò másítà, níbi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́, ti kó ìpẹtà àti ìdọ̀tí jọ. Rọ́bà tó bá rá kọjá níbẹ̀ á fà ya, másítà tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò nírọ̀lẹ́.

Bí èéhó kò bá jáde mọ́ tí pẹ́dà ṣì rọ̀ bí fùkùfùkù, afẹ́fẹ́ lè ti wọ inú ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì kíkan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló máa yí pọ́ńpù rẹ̀ kó lè jáde.

Kó tó tún bọ́ sójú títì

Ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ìfàmọ́ra inú hydrovac lè tán, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kíkan, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ rì. Ẹsẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ sáà tan ẹ́ńjìnnì: pẹ́dà á sọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Bí kò bá sọ̀, hydrovac ni kí ẹ wò. Bó bá ń sọ̀ lọ láìdúró, ibì kan ṣì ń jò. Ní àkókò yìí kan náà, kí ẹnì kejì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ tú, kó fi ìwé ìnuwọ́ funfun nù wọ́n. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ.

Nínú ọgbà, ẹ fi 10 km/h dán an wò, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 40, pẹ̀lú ọwọ́ tó fúyẹ́ lórí sítíárìn. Bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tàbí ọ́ìlì ti kan páàdì. Páàdì tó bá mu ọ́ìlì kò ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi kíkọ tàbí tépù sàmì sí ibi tí ọ́ìlì dé lára ike. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tàbí 100 km, ẹ padà wo àmì yẹn, kí ẹ sì tún fi ìwé ìnuwọ́ nu ẹnu nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.